FÓÒNÙ TI DI AMỌ̀NÀ AFỌ́JÚ, ṢÙGBỌ́N TA NI YÓÒ BO GỌ́TÀ?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tọmọdé tàgbà ló mọ òwe yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ojú mọ́ ńkọ́? Kí ni yóò fi ṣọ́ orí tirẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, tí gọ́tà yanu sílẹ̀ lápá òsì, tí ẹ̀rọ ìlọta sì ń pariwo níwájú débi pé etí gan-an ò gbọ́ nǹkan kan mọ́?

Láti ayé àwọn baba ńlá wa, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà sí ìbéèrè yìí. Ọmọ ni. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rántí àwòrán náà dáadáa. Bàbá arúgbó kan ń bọ̀ lójú títì. Ó di ìdí ọ̀pá mú, ọmọ kékeré kan di orí ọ̀pá náà mú níwájú, wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ti ń kọjá, gbogbo ọjà ń kí bàbá pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ọlọ́run á ṣàánú yín." Ẹnì kankan kì í béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń fa ọ̀pá. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Ọjọ́ Ajé ni. Kí ló dé tí ọmọ yìí ò sí ní kíláàsì?

Kókó ọ̀rọ̀ òní nìyẹn. Bí ojú bá fọ́ nínú ilé kan, kì í ṣe ẹnì kan ló ń pàdánù. Àgbà pàdánù ojú, ọmọ pàdánù ìwé. Ọmọ tó sì pàdánù ìwé lọ́mọ ọdún 10, kò dájú pé yóò rí i he mọ́ nígbà tó bá di ọmọ 20.

Ìdí nìyí tó fi yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ fóònù yẹ̀ wò. Fóònù tí ọ̀pọ̀ wa ń fi wo fíìmù, tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, tí a fi ń wo ẹni tó ṣègbéyàwó àti ẹni tó ṣòkú ní Facebook, fóònù yẹn náà ló ń mú afọ́jú rìn ní ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé. Ó lè mú un rìn ní Ìkirè, ní Àpòmù àti ní Orílẹ̀-Òwu náà. Ṣùgbọ́n o! Agbára rẹ̀ níbi tó mọ. Níbi tí agbára fóònù bá ti parí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọlọ́jà, ọlọ́kadà, mẹkáníìkì àti bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN TÓ RÌN LÁÌSÍ FÓÒNÙ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé afọ́jú ò lè dá rìn kí fóònù tó dé. Àwọn àgbà tó gbé Èkó rí ò ní gbàgbé Benjamin Aderounmu, tí gbogbo ayé ń pè ní Kòkòrò. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọdún 1925 ni wọ́n bí i. Ó ṣì kéré nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Sáńbà ló mú lọ́wọ́, tó ń lù ú, tó ń kọrin kiri àwọn títì Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí tí orúkọ rẹ̀ fi kàn káàkiri. Ayé rẹ̀ ni Cyprian Ekwensi, òǹkọ̀wé nì, wò tó fi kọ ìwé ìtàn The Drummer Boy tó jáde lọ́dún 1960. Ọdún 2009 ni Kòkòrò papò dà.

Kí ni irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ fi ń rìn? Etí, imú àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni. Etí mọ ibi tí ẹ̀rọ ìlọta wà. Àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ibi tí títì ọlọ́dà parí sí, tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Imú náà mọ tirẹ̀. Ta ló gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá rí tí kò mọ dòdò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́, ata àti epo pupa nínú agbada gbígbóná! Ìtasánsán yẹn nìkan tó láti sọ fún afọ́jú pé, "O ti dé etí títì ńlá o, dúró!"

Ọgbọ́n gidi ni gbogbo ìwọ̀nyí. Fóònù ò wá láti gba ipò wọn. Ó wá láti fi kún wọn ni.

BÍ FÓÒNÙ ṢE Ń FỌHÙN

Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu rèé: báwo ni ẹni tí kò ríran ṣe ń lo fóònù tí kò ní bọ́tìnnì, tí ojú rẹ̀ dán bíi díńgí?

Ẹ gbọ́. Ọdún 2009 ni Google fi ohun kan tí wọ́n pè ní TalkBack sínú fóònù Android. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Apple fi irú rẹ̀, VoiceOver, sínú iPhone. Bí a bá ti tan án, ohun tí ìka bá fọwọ́ kàn ni fóònù á máa kà sétígbọ̀ọ́. Ìka kan aago, fóònù á pe aago. Ìka kan orúkọ ọmọ, fóònù á pe orúkọ ọmọ. Bó bá jẹ́ pé ohun tí a ń wá nìyẹn, a ó fi ìka tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á sì ṣí.

Ọ̀fẹ́ ni! Ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android látilé wá. Settings la ó wọ̀, ká wá ibi tí wọ́n kọ Accessibility sí, ká sì tan TalkBack. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí a bá di bọ́tìnnì méjèèjì tí a fi ń yí ohùn sókè sódò mú pa pọ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 3, ó lè tan án. Ẹni tó bá ṣèèṣì tan án lè rò pé àǹjọ̀nú ti wọ fóònù òun, nítorí pé fóònù á máa sọ̀rọ̀, kò sì ní gba ìka bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àǹjọ̀nú o. Ẹ̀rọ afọ́jú ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń tún fóònù ṣe, ọ̀rọ̀ yín rèé. Bí wọ́n bá mú ìyá tí ojú rẹ̀ kò ríran wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ tan TalkBack fún un. Ẹ jókòó tì í, ẹ kọ́ ìka rẹ̀. Ẹ má ṣe gba owó ńlá lórí ohun tí ẹni tó ṣe é fi tọrẹ.

Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn inú fóònù sábà máa ń sọ. Ṣùgbọ́n left, right àti straight, ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Òun ni kọ́ńdọ́tọ̀ fi ń jẹun. Lọ́dún 2024, Google kéde pé èèyàn lè fi èdè Yorùbá bá fóònù sọ̀rọ̀ láti wá nǹkan tàbí láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà ń là díẹ̀díẹ̀.

MÁÀPÙ TÓ LẸ́NU

Báwo ni fóònù ṣe mọ ibi tí èèyàn dúró sí? Àwọn ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún ló ń ràn án lọ́wọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ní àwọn tí wọ́n ń pè ní GPS, wọ́n sì lé ní 24. Fóònù á gbọ́ àmì láti ọ̀dọ̀ mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, á ṣe ìṣirò, á sì mọ ibi tó wà. Àmì yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Máàpù tí a ń ṣí ló ń jẹ dátà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Google fi ohùn tó túbọ̀ ń ṣàlàyé sínú máàpù rẹ̀ nítorí àwọn tí kò ríran. Amẹ́ríkà àti Japan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà máa ń sọ fún èèyàn pé ọ̀nà tó tọ́ ló wà, pé ó ku báyìí kó tó yà, pé oríta ńlá ń bọ̀ níwájú, kó ṣọ́ra. Bó bá sì ṣìnà, á sọ fún un. Níbi tí irú àlàyé kíkún bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ohùn máàpù tí gbogbo èèyàn ń lò, tó ń sọ pé yà sótùn-ún tàbí yà sósì, ṣì wúlò fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó ní fóònù yìí ń béèrè ọ̀nà ní gbogbo ìṣísẹ̀, láìjẹ́ pé ó da ẹnikẹ́ni láàmú.

Ẹ JẸ́ KÁ BÁ BÀBÁ KÁPẸ́ŃTÀ RÌN

Ká fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Bàbá Kápẹ́ńtà. Ká wí pé Ìkirè ló ń gbé, kò jìnnà sí títì ńlá. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni àrùn ojú tí wọ́n máa ń kọ glaucoma sí káàdì ọsibítù wá bá a. Àrùn yìí kì í pariwo. Bí olè òru ló ṣe ń jí ìríran kó, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 10, ló wá di ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bàbá ní kí ọmọ náà wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, kó máa lọ. Ó ní òun á dá jáde. Oníbàárà kan jẹ ẹ́ lówó, owó ọ̀hún sì ti pẹ́! Bàbá gbé fóònù sí àpò àyà, ó bọ̀tìnnì àpò náà kí ọmọ ìta má baà já a gbà. Ó fi ìyápíìsì sí etí kan ṣoṣo. Ó mú ọ̀pá funfun rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó bọ́ síta.

Fóònù ń sọ̀rọ̀, bàbá ń rìn. Ó yà sósì níbi tó yẹ kó yà. Ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ wẹ́dà, ó mọ̀ pé òun ti sún mọ́ ọjà. Ó gbóòórùn dòdò. Ìyá tó ń dín dòdò rí i.

"Bàbá Kápẹ́ńtà, ẹ kú ìrìn o! Ẹ̀yin nìkan lẹ jáde lónìí?"

"Èmi nìkan kọ́, ìyá. Ẹni tó ń mú mi rìn wà létí mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló wá sọ fún yín?"

"Ó ní kí n máa lọ tààrà."

"Yéè! Ẹ dúró, Bàbá! Ẹ má gbé ẹsẹ̀! Wọ́n ti gbé pátákó orí gọ́tà yẹn lọ láti àná o!"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé fóònù parọ́ ni? Rárá o. Ọ̀nà ló sọ, ọ̀nà náà sì lọ tààrà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún fóònù pé wọ́n ti gbé pátákó kúrò? Kò sí sátẹ́láìtì kankan tó rí i. Ìyá oní-dòdò ló rí i.

GỌ́TÀ Ò SÍ NÍNÚ MÁÀPÙ

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra fóònù fún bàbá rẹ̀ mọ̀ nìyí. Àwọn tó ni GPS fúnra wọn sọ pé bí fóònù bá wà ní gbangba tí kò sí ohun tó bo ojú ọ̀run, ó lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìṣe. Ìyẹn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí méje. Bó bá tún wà lábẹ́ páànù ọjà tàbí láàrin ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àṣìṣe náà lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo ni gọ́tà tiwa ṣe fẹ̀ tó? Ìṣísẹ̀ kan péré! Fóònù mọ̀ pé bàbá wà ní Ìkirè, ó mọ títì tó wà. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló wà tàbí inú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún ni pé ohun tí èèyàn bá fi sínú máàpù ló ń wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fi ojúlé tàbí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan síbẹ̀, fóònù ò lè dárúkọ rẹ̀. Máàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní OpenStreetMap, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba lọ́dún 2004. Gbogbo ayé ló ni ín, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi àdúgbò tirẹ̀ sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkirè, Àpòmù àti Orílẹ̀-Òwu tí ẹ ń tẹ fóònù tọ̀sán-tòru, iṣẹ́ nìyẹn! Ẹ fi ọjà síbẹ̀, ẹ fi ọsibítù, mọ́sáláàṣì àti ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ẹ fi ọ̀nà ẹ̀bùrú síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ lónìí lè mú bàbá ẹlòmíràn délé lọ́la.

Àwọn òyìnbó ti ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi rí ohun tó wà níwájú. Ní orílẹ̀-èdè Turkey, àwọn kan tí afọ́jú wà lára wọn ṣe ọ̀pá kan tí wọ́n pè ní WeWALK, tó jáde lọ́dún 2019. Ọ̀pá náà ń rán ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ jáde. Bí ìró náà bá lu ohun kan níwájú, ọ̀pá á gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Ó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí alátẹ tàbí kápẹ́ńtà lè fi ọjọ́ kan dá jọ. Èyí tí apá wa ká ni ọ̀pá funfun lásán.

Ọ̀PÁ FUNFUN, ÌTÀN RẸ̀ RÈÉ

Lọ́dún 1921, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Biggs wà ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayàwòrán ni, jàm̀bá ló fọ́ ọ lójú. Ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ ń bà á lẹ́rù. Kí ló ṣe? Ó fi ọ̀dà funfun kun ọ̀pá rẹ̀ kí àwọn awakọ̀ lè máa rí i láti òkèèrè. Ohun tí ọkùnrin kan ṣe nítorí ara rẹ̀ ló di àmì fún gbogbo ayé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Richard Hoover ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pá gígùn kọ́ àwọn sójà tí ojú wọn fọ́ lógun bí wọ́n ṣe lè máa jù ú sọ́tùn-ún sósì níwájú bí wọ́n ti ń rìn. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń bọ̀, ọ̀pá á wà lọ́tùn-ún. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń bọ̀, ọ̀pá á wà lósì. Ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ wá tẹ̀, ọ̀pá á ti kọ́kọ́ débẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdọọdún ni wọ́n sì fi ń rántí ọ̀pá funfun.

Ọ̀pá ló ń bá gọ́tà pàdé kí ẹsẹ̀ tó bá a pàdé. Fóònù ò lè ṣe ìyẹn. Ọ̀pá náà ò sì lè sọ pé, "Ibi tí o ti máa yà sí ọ̀nà Àpòmù rèé." Àwọn méjèèjì nílò ara wọn bí òòlù ṣe nílò ìṣó.

ALÁṢỌ ÀGA TÓ YÁ AFỌ́JÚ LÓJÚ

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Denmark, Hans Jørgen Wiberg lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ àga ló ń ṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń bo aṣọ sára ìjókòó. Ojú tirẹ̀ náà kò ríran dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀ńjíníà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ló ronú kan Be My Eyes, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí fóònù lóṣù kìíní ọdún 2015. Bí afọ́jú bá tẹ̀ ẹ́, fóònù á pe ẹnì kan tó ríran, tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ibi yòówù kó wà láyé. Ẹni náà á rí ohun tí kámẹ́rà fóònù ń wò, á sì sọ ọ́: "Oògùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru." "Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà ti wà ní títì." Ọ̀fẹ́ ni fún afọ́jú, àfi dátà.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó fi irú nǹkan báyìí sọdá títì. Ẹni tó wà ní Denmark kò lè gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀ ní Ìkirè kó tó dé. Kò rọ́pò ọ̀pá, kò sì rọ́pò etí. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí afọ́jú di ìyápíìsì sí etí méjèèjì. Etí kan fún fóònù, etí kan fún ọ̀nà.

IṢẸ́ TIWA NÍBẸ̀

Àwọn ará Àpòmù mọ ìtàn ara wọn. Wọ́n ní aáwọ̀ lórí atare lásán, nínú ọjà Àpòmù, ló di ogun tó fọ́ Òwu ní nǹkan bíi 200 ọdún sẹ́yìn. Nǹkan kékeré nínú ọjà lè di nǹkan ńlá. Abọ́ tòmátì kan tí a gbé sí ojú ọ̀nà kékeré ni, títí tí afọ́jú fi yà fún un, tó sì yà bọ́ sí iwájú mọ́tò.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ tí igbá tàbí agbọ̀n ò ní dí. Ibì kan náà ni kó máa wà lójoojúmọ́, torí ohun tí ẹsẹ̀ afọ́jú bá ti mọ̀ lánàá ló fi ń rìn lónìí. Ẹ wo etí páànù ìbòòji yín. Bó bá yọ síta níbi tó bá iwájú orí èèyàn dọ́gba, ẹ gbé e sókè. Ilẹ̀ ni ọ̀pá ń wò, kò lè rí páànù tó wà lókè!

Ẹ̀yin bíríkìlà, bí ẹ bá ṣí sílábù gọ́tà láti ṣiṣẹ́, ẹ bò ó padà kí ẹ tó lọ sílé. Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti fọkanáísà, ẹ má to táyà sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹni tó bá mú ọ̀pá funfun dání kò rí ìmọ́lẹ̀ yín o. Ẹ dẹwọ́ eré, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ kí i, ẹ dárúkọ ara yín, ẹ béèrè bóyá ó fẹ́. Ẹ má fa ọ̀pá rẹ̀, ẹ má tì í lẹ́yìn. Ẹ na ìgúnpá yín sí i, kó dì í mú, kẹ́ ẹ wà níwájú rẹ̀ díẹ̀. Bó bá béèrè ọ̀nà, ẹ má nàka pé "ọ̀hún yẹn." Ẹ sọ pé, "Ọ̀tún yín, Bàbá, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá."

ÒFIN Ń BẸ NÍLẸ̀

Kì í ṣe àánú nìkan lọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dènà fífi ojú ẹ̀tanú wo àwọn tó ní àléébù ara. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ tó bá rú u lè san ₦1,000,000. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe kí àwọn èèyàn wọ̀nyí lè máa wọlé láìsí ìnira. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé lọ́dún 2024. Bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá fẹ́ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà tí kò ní ìdérí, wọ́n ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni náà wà. Ní Òṣòdì l'Ékòó, Nigeria Society for the Blind, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1955, ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn tí ojú wọn fọ́ nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Ìwé Braille, ìrìn pẹ̀lú ọ̀pá, kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Fún àwọn ọmọdé, Pacelli School ti wà ní Sùúrùlérè láti ọdún 1962. Ní Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1977.

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ lọ yẹ ojú yín wò! Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé àwọn tó ti lé ní 40 ọdún tí ojú wọn ti fọ́ ju mílíọ̀nù kan lọ. Nínú 100 ìfọ́jú wọ̀nyí, bíi 84 ló jẹ́ èyí tó ṣeé dènà tàbí tó ṣeé wò. Èyí tó pọ̀ jù ni cataract, àwọ̀ funfun inú ẹyinjú, tí dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí èèyàn á tún máa ríran. Glaucoma ni a gbọ́dọ̀ tètè mú, torí èyí tó bá ti jí kó lọ kò ní dá a padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran nílé, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ wá bí òun ṣe ń rìn, gọ́tà tó ti jìn sí, àti ẹni tó nawọ́ sí i.

Ní ti Bàbá Kápẹ́ńtà inú àpẹẹrẹ wa, ìyá oní-dòdò na ìgúnpá sí i, ó mú un kọjá gọ́tà. Àwọn ọmọ ìdí iṣẹ́ wẹ́dà bá wọn wá irin, wọ́n fi bo ojú ibẹ̀. Fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bàbá ń bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníbàárà tó jẹ ẹ́ lówó, agogo ìsinmi ti lù nílé ìwé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá kankan ò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ló wà níbẹ̀.